Alága Gbé Orí, Akọ̀wé Gbé Ìdí

Ẹ bá mi kí Alága ná, kí n tó sọ ohun tó ṣe é. Bí ẹ bá máa kí i, ẹ dìde. Bí ẹ bá sì dìde, ẹ má tètè jókòó, nítorí orúkọ rẹ̀ gùn: Olóyè Adétúnjí Oyèwùmí, Alága Àgbà Pátápátá, Òpómúléró àti Atọ́nà Ìgbìmọ̀ Ìdánimọ̀ Ọmọ Yorùbá, Sabon Gari, Kano. Nígbà tí wọ́n yàn án ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, "Alága" lásán ni. Ọdọọdún ni oyè náà ń bímọ. "Pátápátá" ni àbíkẹ́yìn. Ní ti "Olóyè" tó ṣáájú, kò sẹ́ni tó mọ ìlú tó fi í jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó láyà láti béèrè.

Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà kò ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kano, tó jẹ́ pé baba baba rẹ̀ ló bá rélùwéè wá, kì í rọrùn fún un láti fi hàn pé ọmọ ilé ni òun. Bó bá fẹ́ gbaṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ baba rẹ̀, wọ́n á ní, "Ta ló mọ̀ ọ́?" Ìgbìmọ̀ yìí ló ń kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Àwa mọ̀ ọ́n." Ìwé ojú kan, ìbuwọ́lùwé kan, òǹtẹ̀ kan. Bọ́sẹ̀dé tí í ṣe akọ̀wé, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìdùnnú, lè kọ ọ́ tán kí omi tíì tó hó lórí iná. Ṣùgbọ́n Alága ló ń buwọ́ lù ú. Ibẹ̀ ni omi ti ń gbẹ mọ́ ìkòkò.

Alága ní àbùkù kékeré kan. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà ní mo fi pamọ́: ohunkóhun tí wọ́n bá kọ síwájú rẹ̀ ló ń kà. Gbogbo rẹ̀ pátá. Kì í wò ó ṣáájú, kì í rò ó lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Baba Obadiah, Ìyá Ìdùnnú kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére fún un, ó sì fi àkíyèsí díẹ̀díẹ̀ há àárín rẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Alága dúró lẹ́bàá pósí, ó gbóhùn sókè:

"Baba Obadiah, sùn un re. Ẹ̀rín rẹ kò ní parẹ́ lọ́kàn wa. Dákẹ́ díẹ̀. Nu ojú. Ṣí ìwé sí ojú kejì."

Opó Obadiah, tó ti ń sunkún láti ìdájí, bú sẹ́rìn-ín. Títí dòní Alága ń sọ fáyé pé ọ̀rọ̀ òun ló tù ú nínú.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, Albert, ọmọ Sabon Gari tó ti fìdí kalẹ̀ sí Kánádà, fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, irú èyí tó ń di méjì. Bó bá wà ní síso pọ̀, kọ̀ǹpútà ni: ó lójú, ó ní pátákó ìtẹ̀wé. Bí o bá fa ojú náà yọ, ó di pẹlẹbẹ, o lè gbé e sápá bí ọmọ kéwú ṣe ń gbé wàláà. Nítorí náà ni gbogbo wọn ṣe ń pe ojú náà ní wàláà.

Lọ́jọ́ ìṣíṣọ lójú ẹ̀rọ náà, pásítọ̀ gbàdúrà fún ogún ìṣẹ́jú. Lèmọ́ọ̀mù pẹ̀lú gbàdúrà fún ogún ìṣẹ́jú, kó má baà dà bíi pé tìyẹn gbà jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Divine, ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Zoo Road, pé kó wá ṣàlàyé. Divine kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ó di ojú ẹ̀rọ náà mú, ó fà á. Ó dún "kọ́!" Ó yọ.

"Yéè!" Alága fò dìde. "Ó ti dá a! Ẹ tilẹ̀kùn! Ẹ má jẹ́ kó lọ!"

"Daddy, e no spoil," ni Divine wí. "Bó ṣe rí nìyẹn. Ó máa ń yọ."

Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rọra jókòó. "Mo mọ̀. Mo ń dán yín wò ni."

"Ọgbọ́n àgbà!" Adéfẹ́mi ló kígbe bẹ́ẹ̀. Igbákejì alága ni. Gbogbo Sátidé ló ń ti Hotoro wá láti wá pàtẹ́wọ́. "Alága dán wa wò, gbogbo wa la fìdí rẹmi!"

"Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀," ni Divine ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ni pé bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ yọ ọ́, méjèèjì ṣì ń..."

"Ọmọ mi, ọdún wo ni wọ́n bí ọ?"

"Two thousand, sir."

"Lọ́dún náà, mo ti ń lo ẹ̀rọ ìṣírò tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́. Jókòó."

Divine jókòó. Gbólóhùn rẹ̀ tí kò parí yẹn, ẹ bá mi fi sápò. A ó padà wá a.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ilé tí ẹ̀rọ náà yóò máa wà. Ìlànà ìgbìmọ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni gbogbo ẹrù ń gbé. Alága ní ìyì òun ńkọ́? Adéfẹ́mi ní kó máa lo ọ̀sẹ̀ kan ní Sabon Gari, ọ̀sẹ̀ kan ní Hotoro, bí ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kọra wọn. Alága nawọ́ sókè.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ẹ̀rọ yìí lórí, ó ní ìdí. Ojú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ń hàn sí ni orí. Pátákó tí wọ́n ń tẹ̀ ni ìdí. Ta ni orí nínú ìgbìmọ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ni!"

"Ta ló ń jókòó kọ̀wé?"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ìdùnnú.

"Ó parí. Kí orí máa bá mi lọ. Kí ìdí máa bá akọ̀wé lọ."

"Alága, sà," ni Ìyá Ìdùnnú wí, "kí ni kí n máa fi ìdí lásán ṣe?"

"Ọ̀pá àṣẹ rẹ ni. Ní gbogbo ìpàdé, gbé e lé itan, káyé lè rí i pé akọ̀wé ni ọ́."

"Bí mo bá wá fẹ́ kọ nǹkan ńkọ́?"

"Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, màá gbé orí wá bá ìdí nílé rẹ. Wọ́n á pàdé, wọ́n á ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, màá sì gbé orí mi lọ."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ìwé wà tí wọ́n ń fẹ́ kó buwọ́ lù.

Bí Alága ṣe gbé wàláà rẹ̀ tán ló ṣòfin tó bí gbogbo òfin yòókù: ohunkóhun tí Alága bá kà jáde láti ojú wàláà níwájú ìpàdé, òfin ni. Kò sí àríyànjiyàn. Kò sí pípadà. Bó bá kà á tán, kí gbogbo ìjókòó dáhùn pé, "Òfin ni!" Ìpàdé tó máa ń gba wákàtí mẹ́ta wá ń parí ní ogún ìṣẹ́jú. Sátidé àkọ́kọ́, ó kà á pé kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé àga òun sókè. Òfin ni! Sátidé kejì, ó kà á pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹsẹ̀ lé ara wọn bí òun bá ń sọ̀rọ̀. Òfin ni! Sátidé kẹta, ó kà á pé ẹni tó bá fẹ́ ìwé ìdánimọ̀ gbọ́dọ̀ ki oríkì ìdílé rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìwòwé.

Òfin ni. Alága fúnra rẹ̀, Kano ni wọ́n bí i sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dé ìlú baba rẹ̀ rí, òjò sì ń rọ̀ nígbà méjèèjì, kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Fàtíyà wọlé wá lọ́jọ́ Wẹ́síìdeè kan. Nọ́ọ̀sì ni. Ọmọ Bàṣírátù ni, obìnrin tó ń rán aṣọ ní àdúgbò Brigade. Ọdún mẹ́ta ni Fàtíyà fi ń ṣe àdásẹ́ kiri ilé ìwòsàn aládàáni, kí iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ baba rẹ̀ tó pè é pé àyè ṣí sílẹ̀. Ohun gbogbo ti pé, àfi ìwé ìdánimọ̀. Bí ìwé náà kò bá débẹ̀ kí aago méjìlá Mọ́ńdè tó lù, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú orúkọ ló máa gba àyè náà. Ó ti sanwó ọkọ̀ ìdájí ọjọ́ Àìkú. Ìyá rẹ̀ ti rán aṣọ funfun méjì fún un, ó sì ti lọ̀ wọ́n.

Ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì Alága. Ẹnu rẹ̀ ṣíwájú ọgbọ́n rẹ̀.

"Ina kwana, Baba."

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Kí lo sọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹnu mi ló yọ̀."

"Ẹnu ọmọ Yorùbá kì í yọ̀ sínú Hausa." Ó gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ omi nísàlẹ̀, ó sì yọrí lójú fèrèsé. "Kai, mai ruwa! Zo nan mana!" Ó fi Hausa nájà omi, ó fi Hausa ṣẹ̀fẹ̀, òun àti olómi jọ rẹ́rìn-ín dáadáa, ó wá yíjú padà. "Níbo la bá a dé? Ẹ̀n-ẹ́n. Èdè àjèjì tó gba ẹnu rẹ. Ki oríkì rẹ."

Fàtíyà ki ìlà kan. Ó ki ìkejì. Ibẹ̀ ló mọ.

"Ó kù."

"Ìyá àgbà ló ń kọ́ mi, sà. Ìlà kejì la dé kí wọ́n tó kú."

"Ìlà méjì!" Alága rọ̀gbọ̀kú sórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀. "Ṣé o rí i, ìwọ ọmọ yìí? Yorùbá ìlà méjì ni ọ́."

Lọ́jọ́bọ̀, orí lọ bá ìdí ní pálọ̀ Ìyá Ìdùnnú. Alága jókòó, ó ń pè, obìnrin náà ń tẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Ìdùnnú fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì rélùwéè. Ó lè tẹ̀wé kó máa wo ojú ọ̀run. Òun náà sì ní àbùkù tirẹ̀: ohunkóhun tí ọ̀gá bá pè ló ń tẹ̀. Kò tíì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún ìwé ẹnikẹ́ni rí, àfi àwọn àkíyèsí bíi "Nu ojú."

"Fàtíyà ọmọ Bàṣírátù," ni Alága pè, "kì í ṣe ọmọ wa. Ìgbìmọ̀ kò mọ̀ ọ́n rí."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró. "Alága, mo wà níbi ìkómọ ọmọ yìí."

"Tẹ̀ ẹ́."

"Baba baba rẹ̀ àti baba mi jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè."

"Rélùwéè kì í ṣe ìlú. Tẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ ẹ bá ti kà á ní Sátidé, kò sí pípadà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ni."

"Akọ̀wé, ta ni orí?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Alága yọ orí rẹ̀, ó há a sí abíyá, ó lọ.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Fàtíyà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì ìrìn àjò rẹ̀, bí ẹni tí yóò gba ibẹ̀ lọ sùn síbùdókọ̀ de ọkọ̀ ìdájí bí nǹkan bá dáa. Bàṣírátù jókòó nítòsí rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ ojú rírán aṣọ ara rẹ̀. Divine wà lẹ́yìn, òun ni wọ́n pè sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìyá Ìdùnnú jókòó níwájú gan-an. Ó gbé pátákó ìtẹ̀wé lé itan, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ti ra kunu nínú ìgò lẹ́nu ọ̀nà. Ó mu ún díẹ̀, ó wá ibi tí yóò gbé e lé. Ó gbé e lé ọ̀pá àṣẹ rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé bí Alága ṣe ń kàwé. Olùkọ́ tó kọ́ ọ kọ́ ọ pé kó máa fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ti ń kà á, kò sì jáwọ́. Ibi tí ìka rẹ̀ bá tẹ̀ lójú wàláà, ibẹ̀ ni igi kékeré tó ń ṣẹ́jú máa ń sáré lọ dúró sí, tó ń retí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni Alága kà, "inú mi dùn láti kí yín kì..." Ó sún mọ́ ọn. "Kì kì kì kì." Ìka rẹ̀ ń lé e lọ. "Kì kì kì kì kì kì..."

"Kìkì ọlá!" Adéfẹ́mi dá a lóhùn. "Kìkì iyì!"

"Òfin ni!" ni gbọ̀ngàn dáhùn.

Ìyá Ìdùnnú gbé ìgò rẹ̀ láti tún un mu. "Kì" dáwọ́ dúró. Alága mí kanlẹ̀, ó nu òógùn. Obìnrin náà wo ìgò. Ó wo Alága. Ó rọra gbé ìgò náà lé ibòmíràn lórí pátákó.

"Wà," ni Alága kà. "Wà wà wà wà..."

Ó gbé ìgò kúrò. Wà dákẹ́. Ó yíjú sẹ́yìn, ojú òun àti ti Divine ṣe mẹ́rin. Ọmọbìnrin náà gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, ó fà wọ́n jìnnà síra wọn, ó sì fi ètè lásán parí gbólóhùn tí wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀ lóṣù kejì. *Méjèèjì ṣì ń gbọ́ra wọn.*

"A wá dórí ọ̀rọ̀ Fàtíyà ọmọ Bàṣírátù," ni Alága wí. Ìka rẹ̀ dúró sórí orúkọ náà. Nítorí pé ẹjọ́ dídá máa ń gbẹ ọ̀fun, ó dúró mu omi.

Ó ń mu omi. Ìyá Ìdùnnú gbé ìgò kunu sílẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó gbé ìka lé bọ́tìnì ìparẹ́, ó sì dì í mú. Lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ tirẹ̀. Kò wo ọwọ́. Alága ló ń wò, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù.

Alága gbé ife sílẹ̀. Ó dá ìka padà.

"Fàtíyà ọmọ Bàṣírátù jẹ́ ọmọ wa. Ìgbìmọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Akọ̀wé wà níbi ìkómọ rẹ̀."

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Adéfẹ́mi kò gbọ́ ohun tí wọ́n kà; kì í gbọ́ ọ rí, ibi tí ohùn ti sọ̀ kalẹ̀ ló mọ̀. "Òfin ni!"

"Òfin ni!"

Bàṣírátù fi ìborùn bo ojú. Ó yẹ kí Ìyá Ìdùnnú dúró níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ̀yin ì bá dúró?

"Ìdánwò oríkì parẹ́ láti òní lọ," ni Alága ń kà lọ, ohùn rẹ̀ ń ga sí i. "Ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò mọ ìlà kan ṣoṣo nínú tirẹ̀!"

"Òfin ni!"

"Ẹni náà..." Ó na ìka sí gbọ̀ngàn yíká, nítorí ó fẹ́ràn láti máa bú èèyàn ní gbangba. Ó dá ìka padà sójú wàláà. "Ẹni náà ni èmi!"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun pàtẹ́wọ́ ni tàbí kí òun sá. Adéfẹ́mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀! Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ ńlá!"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti jókòó sórí àga yìí. Àga náà ti ń bẹ̀bẹ̀. Mo fi ipò sílẹ̀ lónìí, lónìí náà. Kí akọ̀wé máa buwọ́ lùwé títí ẹ ó fi yan ẹlòmíràn."

Lọ́tẹ̀ yìí, Adéfẹ́mi gbọ́. Ojú rẹ̀ là, ó rí àga tó ṣófo lórí búlọ́ọ̀kù méjì. Ó fò sókè. "ÒFIN NI!"

"Òfin ni! Òfin ni!" Òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Alága ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n tíì gbà báyìí rí. Ó tẹrí sọ́tùn-ún, ó tẹrí sósì. Ẹ̀rín náà wá bẹ̀rẹ̀ sí kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ni mo kà?"

"Ẹ ti kà á tán, Baba," ni Bàṣírátù dáhùn.

"Mo pa á rẹ́!"

"Kò sí pípadà," ni gbọ̀ngàn wí.

"Ẹ̀rọ yìí ló ya wèrè! Ẹ má gbà á gbọ́! Mo kọ ohun mìíràn, ẹ wò ó, ẹ jẹ́ n fi hàn yín..." Ó gbé wàláà sókè, ó wò ó. Nǹkan kan ń hù níbẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, mo jẹ́rìí rẹ̀. Kò lè pa á mọ́.

"Ẹ," ni ó kà. "Jókòó. Sà."

Ó jókòó.

Bírò ni Ìyá Ìdùnnú fi buwọ́ lùwé Fàtíyà, lórí bẹ́ńṣì, lójú gbogbo èèyàn. Òǹtẹ̀ ti gbẹ díẹ̀, ó mí sí i lẹ́nu kó tó lù ú. Kí aago mọ́kànlá tó lù, ìwé wà nínú báàgì.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà dìde fúnra rẹ̀. Ó gbé pátákó ìtẹ̀wé sórí tábìlì. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ yọ mí."

"Èrú ni!" Adéfẹ́mi ló pariwo bẹ́ẹ̀, wọn kò tíì fi í sórí búlọ́ọ̀kù.

Opó Obadiah nawọ́. "Ẹnu ta ló kà á?"

"Ẹnu Alága."

"Ìka ta ló wà lójú ọ̀rọ̀?"

"Ìka Alága."

"Ta ló ní kò sí pípadà?"

Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn. Fàtíyà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti Mọ́ńdè.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìlú baba Adétúnjí Oyèwùmí fẹ́ fi í jẹ oyè. Oyè tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó ní ìlú lẹ́yìn. Ààfin béèrè ẹyọ ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀: ta ló mọ̀ ọ́?

Ó wá lọ́jọ́ Túsìdeè, ó tò sórí ìlà bí gbogbo èèyàn. Lórí tábìlì Ìyá Ìdùnnú, orí àti ìdí wà ní síso pọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni Bàṣírátù, tó wá gbàwé fún ọmọ àbúrò rẹ̀.

"Baba," ni Bàṣírátù wí, "ẹ jẹ́ ká gbọ́ oríkì yín ná."

Gbogbo ìlà yíjú sí i. Ọkùnrin náà la ẹnu. Kò sí ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ó pa á dé.

"Ìyá Fàtíyà, ẹ fi í sílẹ̀," ni Ìyá Ìdùnnú wí láìgbójú sókè. "Ìdánwò oríkì ti parẹ́. Ẹni tó pa á rẹ́ ló dúró níwájú yín yẹn."

Ó kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀, ó nà án sí i. Ọkùnrin náà fi awò sójú, ó gbé ìka lé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó sì gbóhùn sókè bíi tàtijọ́.

"A fi ìwé yìí jẹ́rìí pé Adétúnjí Oyèwùmí jẹ́ ọmọ wa. Àwa mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ó dúró. Ó tún gbólóhùn kejì kà, jẹ́jẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó nu ojú kó tó nù ún. Ìka rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí akọ̀wé fi lẹ́tà wínníwínní kọ nǹkan kan sí.

"Ẹ yà sápá kan, sà," ni ó kà. "Ẹni tó kàn."

Ó yà sápá kan.